Bí Àwọn Ìlú Kan Ṣe Dín Ìwà Ipá Àwọn Ọ̀dọ́ Kù, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ti omi ẹ̀rọ, ti ilé ìwé àti ti gbọ̀ngán ìlú ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ gbọ̀ngán tán tí kò sí ọmọ tí yóò jókòó sínú rẹ̀, asán ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ fetí sí ọ̀ràn ìwà ipá láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa.

Àwọn òbí tí ó wà ní Ìlú Ọba ń bẹ̀rù ọ̀bẹ. Òmíràn nínú wọn a máa kó ọmọ rẹ̀ wá sílé, a sì fi í sí ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búburú. Àwọn òbí tí ó wà nílé ní tiwọn ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òmíràn nínú wọn a sì máa ta ilẹ̀ kí ọmọ tirẹ̀ lè ré òkun kọjá. Báyìí ni a ṣe ń pàdé ara wa lọ́nà, tí oníkálukú ń sá fún ohun kan náà. Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí a kọ ìtàn àwọn ìlú kan tí ìwà ipá ti dà láàmú rí, tí wọ́n sì dìde sí i. Kì í ṣe àlọ́ ni a fẹ́ pa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni, a ó sì fi ọdún àti iye tì í lẹ́yìn.

Ohun tí ó ti wà nílé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òde òní nìkan ni ó bí ìwà ipá. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀dọ́ ní agbára, àti pé agbára tí kò bá ní iṣẹ́ a máa di ìjà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ṣe kó àwọn ọmọ wọn jọ ní ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Régbérégbé ni àwọn Ìjẹ̀bú ń pè é, títí di òní ni a sì ń rí wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí, ó sì ní iṣẹ́ ìlú tí a fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá hùwà àìtọ́, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tì í, kí ọ̀ràn tó dé ààfin.

Nígbà tí okùn yìí dẹ̀, àwọn ẹlòmíràn rí àyè wọlé. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Wẹ́tíẹ̀ ni gbogbo ènìyàn pe rògbòdìyàn náà. Àwọn àgbàlagbà olóṣèlú ni ó ni aáwọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ó gbé iná. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Ní ọdún 2021, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀ ni òfin sábà máa ń dé. Ohun tí a ń wá ni ohun tí a lè ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti ara ìgbóná

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìlú náà, ẹ jẹ́ kí a wo àrùn kan tí ó ti kúrò láyé, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà lé e lọ ni yóò la ọ̀rọ̀ wa yé wa. Àwọn àgbà àárín wa kò gbàgbé ìgbóná, èyí tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde. Wọ́n a máa bupá fún tọmọdé tàgbà, èrò ìgbà náà sì ni pé àfi bí a bá bupá fún èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ènìyàn kí àrùn náà tó lọ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà ní agbègbè Ògòjà ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀. Oògùn àjẹsára tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kárí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò bá àwọn míṣọ́nárì tí ó wà káàkiri sọ̀rọ̀, wọ́n bi wọ́n léèrè abúlé tí àrùn náà wà gan-an, wọ́n sì sàmì sí i lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn abúlé wọ̀nyí, àti ibi tí ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti ibẹ̀ ràn dé, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́. Àrùn náà kú láìjẹ́ pé wọ́n fún gbogbo ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Ọ̀nà yìí ni a sì mú lò káàkiri. Ní ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó wà nítòsí ni ó mọ ibi tí àrùn wà, àti pé ibi tí ó ti ń ràn ni a gbájú mọ́. Ìwà ipá náà a máa ràn. Ọmọ tí a gún lónìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa wá ẹni tí yóò gún lọ́la. Ọmọ mìíràn tí ó fojú rí i yóò fi ọ̀bẹ sápò nítorí ẹ̀rù, ẹ̀rù náà ni yóò sì mú kí ó fà á yọ. Ní ọdún 1996, ìpàdé gbogboogbò Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìwà ipá jẹ́ ọ̀ràn ńlá nínú ìlera gbogbo ènìyàn. Àwọn ìlú kan sì ti ń hùwà bẹ́ẹ̀ kí ìkéde náà tó jáde.

Boston: àwọn pásítọ̀ bọ́ sí ìta

Ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn 152 ni a pa ní ọdún 1990. Dókítà obìnrin adúláwọ̀ kan wà níbẹ̀, Deborah Prothrow-Stith, tí ó ti ń béèrè pé kí ló dé tí ilé ìwòsàn fi ń rán ọgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tán, tí ó sì ń dá a padà sí ojú ìjà náà láìṣe ohunkóhun sí ohun tí ó fa ọgbẹ́. Ó mú ẹ̀kọ́ nípa bí a ti ń yẹra fún ìjà wọ inú ilé ìwé, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1991.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, àwọn jàǹdùkú ya wọ ilé ìjọsìn kan nígbà ìsìn ìsìnkú, wọ́n sì ṣe ọ̀dọ́ kan léṣe lójú gbogbo ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn pásítọ̀ adúláwọ̀ ìlú náà dọ́kàn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní ìgboro lóru, wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ ìta sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọmọ náà wà. Ní ọdún 1996, àwọn ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, àwọn pásítọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ pa ọwọ́ pọ̀. Wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú sí ìpàdé, wọ́n sì sọ fún wọn pé ìlú fẹ́ kí wọ́n wà láàyè, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yóò rí i, ṣùgbọ́n pé bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá pa ènìyàn, gbogbo ẹgbẹ́ náà ni òfin yóò dojú kọ. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé iye àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pa lóṣooṣù fi ìdá 63 nínú 100 dínkù. Ní ọdún 1999, ènìyàn 31 ni a pa ní gbogbo ìlú náà.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìṣọ̀kan náà tú, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2005, iye àwọn tí a pa ti tún ju 70 lọ. Ẹni tí ó bá pa iná oko, tí kò sì bu omi sí gbòǹgbò tí ń rú èéfín, kò tíì pa iná.

Cardiff: ohun tí ilé ìwòsàn mọ̀

Ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Jonathan Shepherd, ni ó máa ń tún ẹnu àti ojú àwọn tí wọ́n fi ìgò ya ṣe. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń wá sí ilé ìwòsàn ni àwọn ọlọ́pàá kò gbọ́ nípa wọn rárá, nítorí pé wọn kò fẹjọ́ sùn. Láàárín àwọn ọdún 1990, ó ṣètò pé kí akọ̀wé ilé ìwòsàn máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fara gbọgbẹ́: Níbo ni ó ti ṣẹlẹ̀? Nígbà wo? Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ léṣe? Wọn a yọ orúkọ kúrò, wọn a sì fún ìjọba ìlú àti àwọn ọlọ́pàá ní ìyókù. Bí ilé ọtí kan bá ń fara hàn léraléra, a ó dojú kọ ilé ọtí náà. Bí igun òpópónà kan bá ni, ibẹ̀ ni a ó fi ọlọ́pàá sí. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé, bí a bá fi Cardiff wé àwọn ìlú tí ó jọ ọ́, iye àwọn tí a ń dá dúró sí ilé ìwòsàn nítorí ìwà ipá fi ìdá 42 nínú 100 kéré sí ohun tí ìbá jẹ́. Ìwé àti kálámù ni olórí irinṣẹ́ wọn.

Chicago: àwọn onílàjà

Gary Slutkin jẹ́ dókítà tí ó ti bá ikọ́ ẹ̀gbẹ jà ní San Francisco, tí ó sì ti bá kọ́lẹ́rà jà láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Sòmálíà. Nígbà tí ó padà sí Chicago ní ọdún 1995, tí ó wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n sàmì ìpànìyàn sí, ó rí i pé bí kọ́lẹ́rà ti ń ṣùjọ sójú kan ni ìpànìyàn náà ṣe ṣùjọ. Ní ọdún 2000, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àdúgbò West Garfield Park. Àwọn tí ó gbà síṣẹ́ jẹ́ ọmọ àdúgbò. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀wọ̀n rí, wọ́n sì ti ronú pìwà dà. Àwọn wọ̀nyí ni onílàjà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti yìnbọn lu ẹnìkan, wọn a sáré lọ sí ilé ìwòsàn àti sí ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde lọ gbẹ̀san. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìbọn yínyìn ní àdúgbò náà fi ìdá 67 nínú 100 dínkù. Kì í ṣe gbogbo ibi tí a gbé iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn náà ni ó ti so èso tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí a kò ti rí onílàjà tí àwọn ọ̀dọ́ gbà gbọ́, tàbí níbi tí owó ti ń dúró tí ó ń lọ, èso rẹ̀ kò tó nǹkan.

Glasgow: gbogbo ìlú nínú kóòtù kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n máa ń pè ní olú-ìlú ìpànìyàn ní ilẹ̀ Yúróòpù. Òyìnbó ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn níbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó pa ẹnu àwọn tí ń sọ pé àwọ̀ ara ni ó ń fa ìwà ipá mọ́. Ní ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, lábẹ́ John Carnochan àti obìnrin kan tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, Karyn McCluskey, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún dídín ìwà ipá kù, wọ́n sì sọ gbangba pé ọlọ́pàá nìkan kò lè ṣe é.

Ní ọdún 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú sí kóòtù, kì í ṣe láti dá wọn lẹ́jọ́, bí kò ṣe láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá sọ ohun tí òfin yóò ṣe. Dókítà sọ bí ọgbẹ́ ọ̀bẹ ti rí. Ìyá kan dìde, ó sọ ohun tí ọ̀bẹ fi ọmọ rẹ̀ ṣe. Àwọn tí kò bẹ̀rù adájọ́ sì tẹ orí ba nígbà tí ìyá ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a fún wọn ní nọ́ńbà kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ lè pè. Àwọn ilé ìwé pẹ̀lú dín lílé ọmọ kúrò kù, nítorí pé ọmọ tí ilé ìwé bá lé, ìta ni ó ń gbà á. Ní ọdún 2015, a fi àwọn òṣìṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà láti jókòó ti àwọn tí ó gbọgbẹ́ ní òru tí ọkàn wọn rọ̀. Láàárín ọdún 2004 sí 2005, ènìyàn 137 ni a pa ní Scotland. Láàárín ọdún 2014 sí 2015, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 60.

Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀ràn náà dé ẹnu ọ̀nà wa

Bí ẹnìkan bá rò pé ti àwọn ẹlòmíràn ni a ń sọ, kí ó rántí Dàmílọ́lá Taylor. Èkó ni a ti bí i ní oṣù kejìlá ọdún 1989. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìtọ́jú àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún náà, ọmọ náà ń ti ilé ìkàwé Peckham bọ̀ wá sílé nígbà tí wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un ní itan. Ẹ̀jẹ̀ dà títí ó fi kú, nígbà tí ó ku ọjọ́ 10 kí ó pé ọmọ ọdún 11. Ní ọdún 2006 ni kóòtù dá àwọn ọmọkùnrin méjì kan lẹ́bi, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọdé ni ó kú, ọmọdé ni ó pa á.

Àwọn òbí rẹ̀, Richard àti Gloria Taylor, kò jókòó ti ẹkún nìkan. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ wọn láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Gloria kú ní ọdún 2008. Ọkọ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun náà tó kú ní ọdún 2024. Ní ọdún 2006, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dúró ní ilé ìwòsàn King's College, tí kò jìnnà sí Peckham, kí wọ́n lè bá àwọn ọ̀dọ́ tí a gún sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn. Ní ọdún 2019, ìlú Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún dídín ìwà ipá kù, gẹ́gẹ́ bí ti Glasgow. Iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ síbẹ̀: ní ọdún 2021, ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún tí a pa ní ìlú náà jẹ́ 30, iye tí kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ọdún kan.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹnìkan lè wí pé kíkẹ́ jàǹdùkú ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Boston àti ní Glasgow, ọlọ́pàá wà nínú yàrá náà, wọ́n sì fi ọwọ́ òfin mú ẹni tí ó kọ etí ikún. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé òfin kò dá dúró. Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ibi tí ilé ìwòsàn, òfin, ilé ìwé, ilé ìjọsìn àti àwọn ará àdúgbò ti di ọwọ́ mú ni ìwà ipá ti rọlẹ̀; ibi tí wọ́n ti túká ni ó ti padà. Nítorí náà, a gbé àbá mẹ́rin kalẹ̀ fún ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, kí a bẹ àwọn ilé ìwòsàn ìlú wa pé kí wọ́n ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ibi, ìgbà àti ohun ìjà sí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, fún gbogbo ẹni tí ìjà bá ṣe léṣe. Ìnáwó rẹ̀ kò ju ti ìwé àti kálámù lọ.

Èkejì, kí a yan àwọn onílàjà. Kí a má ṣe yan wọn nítorí oyè tàbí owó. Kí a wá wọn láàárín àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, àwọn olórí ọlọ́kadà, àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, àti àwọn tí ó ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn ní tòótọ́. Àwọn ni ọ̀dọ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu ní aago méjìlá òru.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn odi gba ọmọ iṣẹ́ mélòó kan, kí ó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn, kí ó sì ra irinṣẹ́ fún wọn ní ọjọ́ ìgbòmìnira. Bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó yẹ kí ohun mìíràn wà tí a ó fi sí i lọ́wọ́. Kí ó sì di èèwọ̀ láàárín wa pé kí ọmọ ìlú wa kan fún ọ̀dọ́ lówó láti dá ìjà sílẹ̀ nígbà ìdìbò. Ohun tí a fi Wẹ́tíẹ̀ kọ́ ti tó.

Ẹ̀kẹrin, kí a ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún, kì í ṣe fún ọdún kan ṣoṣo. Ìtàn Boston ti fi hàn wá pé ọdún tí ìlú bá rò pé òun ti ṣẹ́gun ni ewu rẹ̀ tún ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ń rò láti kó ọmọ wá sílé, àti ẹ̀yin tí ń rò láti rán an lọ, a kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilé tí ọmọ ń bọ̀ wá àti ilé tí ó ń lọ jẹ́ ilé tí a ti tún ṣe. Àwọn àgbà tún wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí. Ó ku kí a kọ́ àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀. Kí Olódùmarè má ṣe fi ẹkún ọmọ kan wá, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ wa yọrí sí ire. Àṣẹ.